Ìmọ̀ràn Ọ̀fẹ́ Náà Ní Èèwọ̀

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òwe yìí dára, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá wí: ẹni tó ń béèrè. Ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Bó bá júwe ọ̀nà, tí ọ̀nà náà sì já ẹni tó béèrè sínú kòtò, ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi? Bí kò bá gba kọ́bọ̀ lórí ọ̀nà tó júwe ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a fẹ́ràn ká máa tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ẹ mọ̀ wá. Nínú ẹbí, àwa ni wọ́n ń pè bí Wi-Fi bá ń ṣe ségesège. Ládùúgbò, àwa ni wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù wá bá. Ọ̀pọ̀ wa ò kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ kankan. Ìfẹ́ ló gbé wa débẹ̀. Bí a bá sì pé méjì mẹ́ta, ìmọ̀ràn la fi ń ṣeré. "Gbé ráútà yẹn kúrò lẹ́yìn fíríìjì, irin kì í jẹ́ kí Wi-Fi kọjá dáadáa." "Lo channel 1, 6 tàbí 11 lórí 2.4 GHz, àwọn yẹn ni kì í gun ara wọn lórí." "Fi okùn so tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí àyè lè gba fóònù lórí Wi-Fi." Kò sẹ́ni tó ń sanwó, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè.

Àṣà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lóṣù kẹta ọdún 1975, àwọn kan tó fẹ́ràn ẹ̀rọ péjọ sí gáréèjì Gordon French ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ California. Homebrew Computer Club ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni Steve Wozniak ti pín àwòrán bí wọ́n ṣe ń to kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 1969, Steve Crocker, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní UCLA, kọ àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé tó ń ṣàlàyé bí àwọn kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò pe àwọn ìwé náà ní òfin. Request for Comments ni wọ́n ń jẹ́: ẹ wá wí tẹnu yín. Ẹni tó bá ní kí ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ dópin, odò tí òun náà ń mu ló fẹ́ dí.

Nítorí náà, àwọn kan nínú wa ní ìdáhùn kíá sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní: ọ̀fẹ́ ni mo ṣe é, ẹ má bi mí. Wọn ò sì ṣàìní ẹ̀rí. GPL, ìyẹn ìwé àṣẹ tí Linux ń lò, tí ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde lọ́dún 1991, fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé kò sí ìdánilójú kankan: bó bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ lo ni ín. Bí àwọn tó ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó kàn fi ìṣẹ́jú méjì dáhùn ìbéèrè kò ní lè sọ ọ́?

Àríyànjiyàn yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó da ohun méjì pọ̀. Ẹjọ́ ni ìwé àṣẹ yẹn ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gbani lọ́wọ́ ẹ̀rí ọkàn. Kóòtù lè ní o ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, síbẹ̀ kó o mọ̀ nínú ara rẹ pé ohun tó yẹ kó o sọ wà tí o ò sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀. Ẹnì kan ra kámẹ́rà sílé. Ó fẹ́ máa wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ látibi iṣẹ́, kò rí i wò. Ó wá bá ọ̀kan nínú wa:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà mi ò ṣí tí mo bá ti jáde nílé."

"Kò le. Wọnú ráútà ẹ, wá ibi tí wọ́n kọ DMZ sí, fi nọ́ńbà kámẹ́rà yẹn síbẹ̀. Ó tán."

"Há! Ó ti ṣí! Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Irọ́ wo ni ẹ̀gbọ́n pa? Kò pa irọ́ kankan. Ìmọ̀ràn náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí DMZ inú ráútà ilé ń ṣe ni pé gbogbo ohun tó bá ti ìta kan ilẹ̀kùn, tí ráútà ò mọ ẹni tó wá bá, kámẹ́rà yẹn ni yóò máa darí rẹ̀ sí. Ògiri tó wà láàárín kámẹ́rà àti gbogbo ayé ti wó nìyẹn. Bí kámẹ́rà náà bá ṣì ń lo password tó gbé ti ilé iṣẹ́ wá, ẹnikẹ́ni tó bá mọ password yẹn lè wọlé. Àbúrò ò mọ èyí. Ká ní ó mọ̀ ọ́n ni, kò ní wá béèrè.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀bi ti lè wọlé. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti jẹrà. Ẹni tó béèrè ìmọ̀ràn lórí ohun tí kò mọ̀ ò lè yẹ ìmọ̀ràn náà wò. "Ó ti ṣí" nìkan ló lè rí. Ojú wa ló fi ń ríran lásìkò yẹn. Bí a bá rí ewu tí a ò sọ, a ti bò ó lójú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í dúró sí ilé onílé. Lọ́dún 2016, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai bẹ̀rẹ̀ sí í kó kámẹ́rà àti ráútà ilé lẹ́rú. Kò ní idán kankan lọ́wọ́ ju orúkọ àti password bíi 60 tó máa ń ti ilé iṣẹ́ bá ẹ̀rọ wá, irú bí "admin" àti "admin". Ó ń kan ilẹ̀kùn kiri. Èyí tó bá ṣí, ó wọlé. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi irú àwọn ẹrú bẹ́ẹ̀ kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ìkànnì ńlá júwe àdírẹ́sì wọn. Twitter, Netflix àti Reddit di àwátì fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ò mọ nǹkan kan. Kámẹ́rà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. A ò sọ pé olùgbaninímọ̀ràn ló fa Mirai o. Ohun tí à ń sọ ni pé, bí a bá ní kí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹni tí a ò rí rí lè jìyà rẹ̀.

Àwọn onísègùn wa ti ronú lórí irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Onísègùn tó mọṣẹ́ kì í gbé oògùn fúnni kó dákẹ́. Yóò sọ èèwọ̀ rẹ̀: má jẹ tibí, má ṣe tọ̀hún. Yóò sì mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n á fi rọ̀ ọ́ bó bá gbòdì. Oògùn ni ìmọ̀ràn tiwa náà. Èèwọ̀ DMZ ni: "Yí password kámẹ́rà yẹn padà kó o tó ṣe é o, torí gbogbo ayé ni yóò máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀." Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ni: "Bí o ò bá lò ó mọ́, ibi báyìí ni wàá ti pa á." Gbólóhùn méjì péré. Bí ẹ̀gbọ́n bá sì sọ èèwọ̀ yẹn síta, òun fúnra rẹ̀ lè rántí pé ọ̀nà tó sàn jù wà, bíi kéèyàn gba orí VPN wọlé.

Ká tó wá dé orí oògùn rárá, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó ní fáíbà àti àdírẹ́sì tirẹ̀ ní London lè ní, "Ṣáà ṣí port yẹn, ó parí." Kí ẹni tó ń lo ráútà onísíìmù n'Ìbàdàn gbìyànjú ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́ láéláé, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù ló ń kó oníbàárà rẹpẹtẹ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Onítọ̀hún á tú ráútà palẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, dátà á jó, á wá rò pé òun ni olódo. Ìbéèrè kan, "irú íntánẹ́ẹ̀tì wo lò ń lò?", ì bá ti gbà á sílẹ̀.

Ẹnì kan lè ní a ti sọ ọ́ di ẹrù, pé béèyàn bá ní láti ro gbogbo èyí, á kúkú dákẹ́. Bí gbogbo wa bá sì dákẹ́, ta ni yóò ran àbúrò lọ́wọ́? Ìdáhùn wa ni pé a ò ní kí ẹnikẹ́ni mọ gbogbo nǹkan. "Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí" náà, ìmọ̀ràn ni. Ẹni tó bá sọ èèwọ̀, tó sọ ẹ̀rọ̀, tó sì sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí, bí nǹkan bá tún bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò jẹ̀bi. Ó ti jẹ́ kí ẹni tó béèrè fi ojú ara rẹ̀ yàn. Ẹni tó kàn ní "ó tán" ti bá a yàn láìjẹ́ kó mọ̀.

Ẹni tó ń béèrè náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Kó sọ òótọ́ gbogbo ohun tó ti fọwọ́ kàn. Kó sì padà wá sọ bó ṣe yọrí sí, pàápàá bí kò bá yọrí sí dáadáa. "Ẹ ó pẹ́ fún wa" dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n "ẹ̀gbọ́n, ó ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kejì" ló ń kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wa, kó sì máa jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ. Owó nìkan la yọ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bi wá léèrè ti fi ilé rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí "ó tán" bá tún fẹ́ bọ́ lẹ́nu wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èèwọ̀ rẹ̀.