Ayọ̀ Ẹni tí Ó Ń Wá Wa

Ìhìnrere Lúùkù, orí 15



Bí ewúrẹ́ bá nù ní ìlú wa, ewúrẹ́ kì í lu agogo fún ara rẹ̀. Olówó rẹ̀ ni í bẹ akéde, tí akéde a sì máa ké kiri láti àdúgbò dé àdúgbò. Ewúrẹ́ lè wà ní oko olóko ní àkókò náà, kí ó máa jẹ ewé ẹ̀gẹ́, láìmọ̀ pé a ń wá òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Olúwa wa fi kọ́ àwọn Farisí. Olùṣọ́-àgùntàn ni ó rin aginjù. Obìnrin ni ó tan fìtílà, tí ó sì gbá ilé. A máa ń wí pé a ti rí Jésù, ọ̀rọ̀ náà sì dára; ṣùgbọ́n nínú orí yìí, ẹni tí ó nù kọ́ ni ó rí, òun ni a rí. Ayọ̀ náà pàápàá, ti onílé ni kí ó tó di ti ẹni tí a rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣóògùn, tí a sì mú ọmọdékùnrin kan, Àjàyí, lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, a tilẹ̀ fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó sì dé Sàró; níbẹ̀ ni ó ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí, nítorí náà n kò ní fà á gùn. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta. Ó ti di ọdún 25 tí a ti já ìyá àti ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ìyá náà dìde, òun àti arákùnrin Àjàyí, ó ń wá ọmọ rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí ó rí i, ara rẹ̀ gbọ̀n, kò lè gbà á gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu àwọn. Ìyá kàn ń fi orúkọ ìkẹ́ pè é, èyí tí ìyá-ńlá rẹ̀ máa ń fi pè é nígbà èwe. Ìyá-ńlá náà ti kú sí oko ẹrú.

Kì í ṣe Samuel Crowther àlùfáà ni obìnrin yìí wá wá, Àjàyí ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, òun náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ìyá wá ọmọ. Ṣùgbọ́n Ẹnìkan ti ń wá àwọn méjèèjì.

Ní Èkìtì tiwa, ogun Kírìjì kó ọ̀pọ̀ lọ. A fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ibùdó ogun kò tú ká títí di 1893. Àwọn tí a ti kó lẹ́rú sì ń padà wálé láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Ará ilé ti ka àwọn mìíràn mọ́ òkú. Láti ẹnu irú wọn ni ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Jésù. Bí àwọn baba wa bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, kí ni à bá máa jẹ́ lónìí?

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n nì bà mí lẹ́rù. Ẹ rántí pé inú ilé ni owó fàdákà ti nù. Ẹ̀gbọ́n kò fi oko baba rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò mọ ọkàn baba rẹ̀; ó gbọ́ ijó àti orin, ó dúró sí ìta. Irú rẹ̀ wà láàrin wa, àwa tí a mọ ẹni tí ó jẹ owó ìjọ, tí a sì mọ ọjọ́ tí a yọ olúkúlùkù kúrò níbi tábìlì Olúwa. Àwọn ọmọ Ìdó-Ilé, Aràmọ̀kọ̀, Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò tí ó wà ní ìdálẹ̀ pọ̀; àwọn kan kò wálé mọ́ nítorí pé ọwọ́ wọn ṣófo, ojú wa sì ń tì wọ́n ju bí ọ̀nà ti jìn lọ. Bí ọ̀kan bá dé, tí ó jókòó sí ẹ̀yìn, kí ìsìn tó parí a ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

N kò wí pé kí a pa ìbáwí ìjọ tì. Baba nì kò yin ìwà àpà. Ṣùgbọ́n ó sáré. Àgbàlagbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ìfẹ́ ni ó ń lé baba yìí, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ kí ọmọ tó ka ẹ̀bẹ̀ tí ó há sórí tán.

Ní ilé wa, bí àlejò bá ti ọ̀nà jíjìn dé, omi ni a kọ́kọ́ ń bù fún un, oúnjẹ a tẹ̀lé e, kí a tó bèèrè ohun tí ó gbé e wá. Ẹ̀yin bàbá ìjọ, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin olùkọ́, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọlé ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, ẹ mú un wá sí ìjókòó iwájú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jẹun ní ilé yín kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé orúkọ ìjọ.