Ta Ló Ni Aago Náà?

Ṣé èèyàn lè purọ́ láìmọ̀? Ìdáhùn tí mo gbọ́ dàgbà ni pé rárá: ẹni tó bá ṣì í sọ kò purọ́, àṣìsọ ló sọ. Kí la máa wá pe ọ̀rọ̀ tí kò tọ́, tí kò sẹ́nu kankan tó sọ ọ́, tó sì lè ba orúkọ èèyàn jẹ́? Déètì tó wà lára fáìlì ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé ìwé kan ní Igangan. Fódà kan wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá tí gbogbo olùkọ́ ń kó èsì ìdánwò sí láti orí láptọ́ọ̀pù wọn. Oṣù Kejìlá ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Friday ni òpin. Ní Monday, ọ̀gá rí i pé fáìlì tíṣà kan ń sọ pé aago méjìlá ààbọ̀ òru, mọ́jú Saturday, ni wọ́n parí òun.

"Tíṣà, ẹ pẹ́, ẹ tún ń jiyàn?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti kó o síbẹ̀ kí n tó lọ sílé ní Friday."

Ẹnu èèyàn rèé, déètì rèé. Ọ̀pọ̀ wa máa gba déètì, torí kọ̀ǹpútà kì í ṣègbè. Òótọ́ ni, kì í ṣègbè. Ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan. Ohun tí aago sọ fún un ló kọ sílẹ̀.

Ẹ wo láptọ́ọ̀pù tíṣà. Aago ojú rẹ̀ bá ti Nàìjíríà mu, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n time zone rẹ̀ ṣì jẹ́ ti California. Ṣe ni wọ́n kàn fọwọ́ yí aago náà títí tó fi bá tiwa mu. Aago UTC ni Windows sì ń kọ sára fáìlì, á wá ṣírò rẹ̀ padà fún ẹni tó ń wò ó. Ní Oṣù Kejìlá, California fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn UTC, àwa fi wákàtí kan ṣáájú. Láptọ́ọ̀pù fi mẹ́jọ kún un, kọ̀ǹpútà ọ̀gá fi ọ̀kan kún un. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán Friday di méjìlá ààbọ̀ òru.

Fáìlì náà ní déètì kejì. "Date modified" bá a wá láti orí láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n "Date created" ni ìgbà tó wọ fódà, aago kọ̀ǹpútà ọ̀gá ló sì kọ ọ́: Friday, aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Fáìlì ti dé kí wọ́n tó parí rẹ̀! Ó yẹ kí àwa ará Ìbàràpá, tí Igbó-Ọrà ìlú ìbejì jẹ́ tiwa, tètè fura sí irú nǹkan báyìí. Táíwò ló kọ́kọ́ dé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ṣáájú dé nìkan kọ́ là ń wò, a máa ń bèèrè ohun tí dídé rẹ̀ túmọ̀ sí.

Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo tẹ ìwé Knowledge, Belief, and Witchcraft jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé nínú èdè wa, ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí ló lè ní òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, ó gbà á gbọ́ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, déètì fáìlì kì í ṣe ìmọ̀. Ìgbàgbọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá èsì ìdánwò. Ní òru 5 mọ́jú 6 oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Igangan, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Fọ́tò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn. Lórí Android, ọjọ́ tó dé orí fóònù yín ló máa wà nínú orúkọ fáìlì náà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ẹni tó gbà á ní 2023 á rí 2023. Tí ẹnìkan bá wá torí ìyẹn pe ẹni tó ṣòfò ní òpùrọ́, ọgbẹ́ kejì nìyẹn.

Ẹ máa ní, "Gbogbo ẹni tó bá pẹ́ á kàn máa di ẹ̀bi ru aago nìyẹn." Rárá o. Àṣìṣe aago kì í yan fáìlì kan fi kan sílẹ̀. Gbogbo fáìlì tó ti orí láptọ́ọ̀pù yẹn wá ní oṣù náà gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣáájú. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ṣáájú, ẹ pe tíṣà padà.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ẹ yan time zone tiwa, UTC+01:00, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà máa gba aago láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn fáìlì àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ yí déètì wọn. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé aago láptọ́ọ̀pù yìí ò tọ́ títí di ọjọ́ báyìí.

Kọ̀ǹpútà tó ṣì í sọ kò purọ́. Àmọ́ tí a bá fi àṣìsọ rẹ̀ dá ẹlòmíràn lẹ́bi, láìbèèrè ẹni tó ni aago, àwa la fún irọ́ náà lẹ́nu.