Tíkẹ́ẹ̀tì Òkú ní Woking

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gbé Woking, ní agbègbè Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó jẹ́ pé London ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ní òwúrọ̀ wọn a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Waterloo, ní ìrọ̀lẹ́ wọn a sì darí wálé, nítorí ilé ni àbọ̀sinmi oko. Ṣùgbọ́n kí àwọn alààyè tó máa wọ́ lọ sí Woking ni òkú London ti ń lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí àrùn onígbáméjì ti pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní 1849, tí àwọn itẹ́ òkú ìlú ńlá náà sì ti kún àkúnya, ilé-iṣẹ́ kan ra nǹkan bí 2,000 éékà ilẹ̀ ní Woking, ó ṣí ibi ìsìnkú sí Brookwood ní 1854, ó sì ń fi rélùwéè kó òkú lọ. Èyí tí òkú kò lò nínú ilẹ̀ náà ni ó wá tà fún àwọn tí yóò kọ́lé.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Òkú ní tirẹ̀, àlọ láìsí àbọ̀. Àwọn ọlọ́fọ̀ a sì gba ti àlọ àtàbọ̀. Ipò mẹ́ta ni a pín in sí, ti òkú àti ti alààyè. A sì ya àwọn Àǹglíkà sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọ yòókù, débi pé ibùdókọ̀ méjì ni a kọ́ sí itẹ́ òkú náà. Bíṣọ́ọ̀bù London, Blomfield, ti ń kọminú tipẹ́ pé kí òkú ọmọlúwàbí má lọ bá òkú oníwà ìbàjẹ́ wọ ọkọ̀ kan náà.

Ayé lọjà, ọ̀run nilé, ni àwọn baba wa wí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹni tí ó ti ná ọjà tán tún fẹ́ fi ipò tí ó wà lọ́jà ṣe nílé?

Síbẹ̀, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ilé-iṣẹ́ náà pátápátá. Nígbà tí wọ́n ń da òkú àwọn òtòṣì London pọ̀ sínú kòtò kan, ní Brookwood aláìní tí a fi owó ìlú sin ní sàréè tirẹ̀, òun nìkan, bí a kò tilẹ̀ fún un láyè òkúta ìrántí. Ikú tí kì í gba owó kò mọ ipò kìíní yàtọ̀ sí ìkẹta. Àwa tí a ń sìnkú, tí ojú aládùúgbò ń bẹ lára wa, ni a mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹrin 1941, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ba ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ òkú ti ń gbéra ní London jẹ́, a kò sì tún un kọ́ mọ́.