Èéfín Kò Mọ Ààlà

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 22:6, Róòmù 13:10

Ọ̀rọ̀ tí a ní láti sọ lóṣù yìí kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ iná ni, iná tí a fi ń sun ẹ̀ka igi àti pàǹtí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́jọ láti inú ìpàdé ilé lọ ran ìyá opó kan nínú ìjọ wa lọ́wọ́. Thames View ni màmá ń gbé, kò jìnnà sí ilé ìsìn wa ní Creekmouth. Igbó ti bo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹ̀gún kò sì jẹ́ kí ó lè sá aṣọ mọ́. A gé e, a ro ó, a kó o jọ gegere. Ẹnìkan ní kí a dáná sun ún, bí a ti ń ṣe é nílé. Kò sí ẹni tí ó ta kò ó. Àwọn ẹ̀ka náà ṣì tutù, nítorí náà wọn kò jó dáadáa, èéfín funfun ni ó ń rú túú. Afẹ́fẹ́ odò Thames sì ń gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Àwa ń kọrin, inú wa ń dùn pé a ṣe iṣẹ́ rere.

Kò pẹ́ tí bàbá òyìnbó tí òun àti màmá jọ pààlà fi yọ orí lókè ọgbà. Ó ní kí a pa iná náà. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. Ọ̀kan nínú wa sọ ní Yorùbá pé, "Ẹ má dá a lóhùn, wọn kò kàn fẹ́ rí wa ni." A rẹ́rìn-ín, a sì tún kó ẹ̀ka sí i.

Ẹ̀yin ará, nọ́ọ̀sì ni àwa tí a ń kọ ìwé yìí. A gbọ́ bí àyà bàbá náà ṣe ń súfèé bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni, kò lè ṣàjèjì sí etí wa. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí wọn sọ pé à ń gbè sẹ́yìn òyìnbó, a sì dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ áńbúláǹsì wá gbé e. Òru mẹ́ta ni ó sùn ní ilé ìwòsàn kí ó tó padà wálé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ó kú.

Àwa mẹ́jọ lọ sí ilé wa. Màmá ni ó kù tí yóò máa wo ọgbà náà láràárọ̀. Bàbá yìí kan náà ni ó sì máa ń bá a ti dọ́sìbíìnì síta ní ọjọ́ tí káńsù bá ń kó ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tì í mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sọ.

Èkínní, òfin Mósè kò béèrè bóyá ẹni tí ó dáná ní ibi lọ́kàn. Nínú Ẹ́kísódù 22:6, iná já, ó gba inú ẹ̀gún kọjá, ó dé inú ọkà ẹlòmíràn. Ẹni tí ó dá a gbọ́dọ̀ san án, ìyẹn ni ìdájọ́. A kò kà níbẹ̀ pé ó lè wí pé, "Afẹ́fẹ́ ni," tàbí pé, "Opó ni mo ń ràn lọ́wọ́." Iná tí a bá dá, tiwa ni títí ògúnná ìkẹyìn yóò fi kú, èéfín rẹ̀ náà sì ni tiwa, níbikíbi tí ó bá dé.

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ sun oko, yóò jẹ́ kí igbó tí ó ṣán gbẹ. Yóò ro etí oko yíká, kí iná má baà ré kọjá. Yóò wo afẹ́fẹ́, yóò sì kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí oko wọn jọ pààlà. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nítorí náà, nígbà tí a wí pé bí a ti ń ṣe é nílé ni a ṣe, òótọ́ kọ́. Iná ilé nìkan ni a mú wá, a fi ìwà ilé sílẹ̀.

Èkejì, ọkà ṣe é san, ṣùgbọ́n èémí kò ṣe é san. Ohun tíńtìnnì tí ojú kò lè rí wà nínú èéfín, ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á fún pọ̀. Ọmọdé, aboyún, arúgbó àti alárùn ọkàn, gbogbo wọn ni ó lè pa lára. Ìlú yìí ti fi ẹ̀mí kọ́ ọgbọ́n náà. Ní December 1952, èéfín èédú bo London fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó pa tó 4,000, àwọn onímọ̀ tí wọ́n tún un kà lẹ́yìn náà sì sọ pé ó lè tó 12,000. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Ní Creekmouth níhìn-ín pàápàá, ilé iṣẹ́ mànàmáná tí ó ń jó èédú wà ní River Road láti 1925 títí di 1981. Ọ̀pọ̀ arúgbó tí à ń bá pàdé ní àdúgbò yìí ti fa èéfín sínú kí a tó dé. Bí wọ́n bá ké pe wá láti ẹ̀yìn ọgbà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ ìkórìíra. Nígbà mìíràn, èémí ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀kẹta, kí a má dán Olúwa wò. Ní July 19, 2022, nígbà tí ooru kọjá ìwọ̀n 40 ní ilẹ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, iná ṣẹ́ ní Wennington, lẹ́yìn Rainham. Àwọn ará ibẹ̀ sọ pé inú òkìtì koríko tí ń jẹrà ní ẹ̀yìnkùlé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Panápaná bíi 100 ni ó bá a jà, síbẹ̀ ilé tí ó sún mọ́ 20 jóná. Kò sí ẹni tí ó kú, ilé ìsìn àtijọ́ ibẹ̀ sì dúró bí iná tilẹ̀ yí i ká. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run yọ nínú iná lónìí kò gbọdọ̀ lọ ṣáná lọ́la.

Kí ni kí a ṣe? Kí a kó ẹ̀ka àti koríko lọ sí ibùdó káńsù ní Frizlands Lane ní Dagenham, ìyẹn ni ó dára jù. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má dáná ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n òfin 1990 fún káńsù ní agbára láti dá ẹni tí èéfín rẹ̀ ń ni aládùúgbò lára dúró. Òfin 1980 sì wà fún ẹni tí èéfín rẹ̀ bá bo títì tí ó sì lè fa jàǹbá. Bí ó bá di dandan, kí a kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí ó yí wa ká. Kí ohun tí a ó sun gbẹ, kí ó kéré, kí ó sì jìnnà sí ọgbà. Kí a má sun ike, táyà tàbí igi ọlọ́dà, kí a má sì da pẹtiróòlù sí i láé. Kí a tú òkìtì náà wò kí a tó ṣáná. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:3, ejò ni ó jáde nínú igi tí Pọ́ọ̀lù kó jọ. Níhìn-ín, hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún bí òòrẹ̀ wa, ni ó sábà máa ń sùn níbẹ̀. Kí omi wà nítòsí, kí a sì má kúrò títí eérú yóò fi tutù. Bí iná bá jó ènìyàn, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a fi sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kí a má fi bọ́tà, ẹyin tàbí yìnyín sí i. Bí ó bá le, kí a pe 999.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, àwa mẹ́jọ kan náà tẹ̀lé màmá lọ sí ẹnu ọ̀nà bàbá náà. A kò wá àwíjàre. A ní a ṣẹ̀ ẹ́, a sì béèrè ohun tí a lè san. Kò pè wá wọlé. Ó ní òun kò fẹ́ owó, pé bí a bá ti sọ fún òun ṣáájú, òun ìbá ti fèrèsé, òun ìbá sì lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ òun títí iná yóò fi kú. A dúpẹ́, a sì kúrò níbẹ̀. Màmá kò dẹ́kun kíkí i láràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó jí, ó rí i pé ẹnìkan ti ti dọ́sìbíìnì rẹ̀ síta.

Pọ́ọ̀lù kọ́ wa ní Róòmù 13:10 pé ìfẹ́ kì í pa ọmọnìkejì lára. Iṣẹ́ rere tí a ṣe fún opó kò pé bí ó bá pa ẹni tí ó bá a pààlà lára. Ẹ jẹ́ kí á béèrè lọ́wọ́ ara wa lọ́sẹ̀ yìí: ta ni ń fa èéfín wa sínú, tí a sì ń rẹ́rìn-ín sí?

Kí Olúwa là wá ní etí láti gbọ́ èémí aládùúgbò wa, kí Ó sì fún wa ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀ ní àkókò tí ó yẹ. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.