Ṣé Ìyà Ń Kọ́ni Láàánú?



Mo ka ìtàn ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Seriki Abass ní Àgbádárìgì. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Nígbà tó gba òmìnira, ó tako òwò ẹrú títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa ní Àgbádárìgì pé ọmọdé ni Abass náà nígbà tí wọ́n tà á tó dé Brazil. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà, òun náà ń ta ènìyàn.

Àwọn àgbà ní kí ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. A ti gún àwọn méjèèjì yìí. Wọ́n mọ bó ti ń dunni tó. Nítorí náà, mímọ ìrora nìkan kò tó. Ẹni tó jìyà ni yóò yan ohun tí yóò fi ìyà náà ṣe.

Ẹ̀yin ìyá, “Bí ìyá ọkọ mi ti lo èmi náà nìyẹn” kì í ṣe àwíjàre. Ọmọ ọ̀dọ̀ àti ìyàwó ilé ń wo ọ̀nà tí a ó yàn.