Ìrànlọ́wọ́ fún Ará Ọ̀nà Jíjìn

Ní kùtùkùtù ọjọ́ 6 oṣù kejì, ọdún 2023, ilẹ̀ mì ní Tọ́kì àti Síríà, ilé wó lu àwọn tí ó sùn, àwọn tí ó kú sì ju 50,000 lọ. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, gbẹ́nàgbẹ́nà, tọ̀ wá wá. Ó ti ń tọ́jú owó láti fi ra alùpùpù. Ó ní òun yóò fi í wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ibẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọwọ́ mi méjèèjì le. Ṣé kí n jókòó sílé kí n máa wí pé ó mà ṣe o?”

A sọ fún un pé kí ó má lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kúrò, ọkàn wa kò balẹ̀. Ṣé ọgbọ́n ni a sọ, tàbí ọ̀lẹ ni a wọ̀ ní ẹ̀wù ọgbọ́n? Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa kí ẹ bá wa gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí a wo Háítì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2010, ilẹ̀ mì nítòsí Port-au-Prince, olú-ìlú wọn. Ààfin ààrẹ wó, àwọn ilé ìjọsìn ńlá wó. Ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí ó kú. Ta ni ó kọ́kọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́? Aládùúgbò ni. Kí àjèjì tó dé, wọ́n ti ń fi ọwọ́ lásán hú òkúta kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé dìde, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n; ṣùgbọ́n pápá ọkọ̀ òfuurufú ìlú náà kò ní ju ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè bà sí, èbúté wọn pẹ̀lú sì ti bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ó gbé ilé ìwòsàn alágọ̀ọ́ àwọn oníṣègùn wá ni a dá padà sí Dominican Republic, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ilẹ̀ kó ẹrù náà wọ ìlú. Bí oníṣègùn kò bá rí ibi bà sí, níbo ni gbẹ́nàgbẹ́nà wa ì bá bà? Bí ó bá sì bà, omi ta ni yóò mu, oúnjẹ ta ni yóò jẹ, ní ìlú tí àwọn onílé gan-an ń sùn ní ìta?

Àánú tí kò bá béèrè ọ̀nà a máa pani lára. Ní òpin oṣù kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà 10, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ, fẹ́ kó ọmọ 33 kọjá ààlà láìní ìwé àṣẹ, wọ́n ní ọmọ òrukàn ni wọ́n. Nígbà tí a ṣe ìwádìí, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ni ó ní òbí láàyè. A kò rò pé ìkà ni ó wà lọ́kàn wọn; èyí gan-an ni ó sì bà wá lẹ́rù. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀. Láti àgọ́ àwọn ọmọ ogun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé rán wá pa àlàáfíà mọ́ ni ẹ̀gbin ti ṣàn sínú odò tí ó wọ Artibonite. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni ó bá a lọ. Ọdún 2016 ni olórí Àjọ náà tó tọrọ àforíjì.

Kí wá ni ènìyàn lásán lè ṣe? Níhìn-ín ni ọ̀ràn náà ti dùn mọ́ wa. Ní Háítì, wọ́n ya nọ́ńbà 4636 sọ́tọ̀, kí ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè Kreyòl ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wá yọ wọ́n kò sì gbọ́ ọ. Nígbà náà ni àwọn ọmọ Háítì tí ń gbé ní òkèèrè jókòó sí ilé wọn, tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń tọ́ka sí àdúgbò tí ẹni náà wà. Ta ni nínú wa tí ó rí orúkọ àdúgbò tí a bí i sí gẹ́gẹ́ bí ọrọ̀ rí? Àwọn mìíràn tí kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ Háítì rí wo àwòrán tí a yà láti òkè ọ̀run, wọ́n sì fi ya ojú ọ̀nà sórí àwòrán ilẹ̀ fún àwọn tí ń gbé omi àti oògùn kiri. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín owó, bí ẹni pé ọ̀lẹ ní í fi owó ránṣẹ́. A kò gbà. Owó ni a fi lè ra ìrẹsì lọ́wọ́ obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ kí ó parẹ́, kí ọjà wọn lè tún ná. Aṣọ àlòkù ńkọ́? Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣà á, àti ilé tí yóò gbé e. (Àwa náà ti fi ẹ̀wù tí a kò lè wọ̀ lọ sí ìta ta ọrẹ rí, a sì gba ọpẹ́ lé e.) Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ béèrè ìṣirò, kí ó sì tún fi díẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà lẹ́yìn náà, nígbà tí ìwé ìròyìn ti gbàgbé, tí òjò sì ń jò wọ inú àgọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà wá ní ọjọ́ Sátidé. Ó gbé ìdajì owó alùpùpù náà kalẹ̀ níwájú wa, ó ní kí a bá òun wá ẹgbẹ́ tí ó ń fi ìwé ìṣirò hàn. A kò bi í léèrè nípa ìdajì kejì.