Bí Ọkọ̀ Bá Dẹ́kun Gbígbọ̀n, Ṣé A Ti Mọ Ìdí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí parí ẹjọ́, bí ẹni pé kò sí ohun tí a tún lè béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni òwe náà fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn: bí ohun kan bá tẹ̀lé òmíràn, kí ló mú un dá wa lójú pé èyí tó ṣáájú ló fa èyí tó tẹ̀lé e? Ojoojúmọ́ ni ìbéèrè yìí ń wáyé lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kú, àfi ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Èrò tèmi ni pé ìwòsàn nìkan kò tó ní ẹ̀rí. Bí àìsàn kan bá lọ lẹ́yìn tí a ṣe nǹkan sí i, a kò tíì lè sọ pé a mọ ohun tó fà á, àfi tí a bá dán èrò wa wò lọ́nà tí ìdánwò náà ìbá fi já wa nírọ́ ká ní a ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ. Táyà ọkọ̀ kékeré máa ń rin ilẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí, ó ń yí tó ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí abùkù bá sì wà lójú kan lára ohun tó ń yí, iye ìgbà bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ta awakọ̀ lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí eré, yálà a tẹ bíréèkì tàbí a kò tẹ̀ ẹ́, táyà tí kò ní baláǹsì, táyà tó ti wú tàbí ríìmù tó tẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ kìkì ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì ni, ọ̀rọ̀ ti di ti bíréèkì: bí sítíárìn ló bá ń gbọ̀n, a ó kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ iwájú wò, bó bá jẹ́ ìjókòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti búṣìn tó ti jẹ máa ń sọ gbígbọ̀n kékeré di ńlá. Nínú ọkọ̀ tó ní ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì) ẹ̀wẹ̀, pẹ́dà lè máa ta ẹsẹ̀ padà bí a bá tẹ bíréèkì tagbáratagbára lójú ọ̀nà tó ń yọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò ṣàìsàn. Àwọn àmì tó jọra lè ti ìdí mélòó kan wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, tí páàdì bíréèkì máa ń fún láti dá ọkọ̀ dúró. “Dísìkì ti tẹ̀” ni ìdájọ́ tí a sábà máa ń gbọ́. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbi léètì kí wọ́n fá a, gbígbọ̀n á sì dáwọ́ dúró. Oníọkọ̀ á dúpẹ́, mẹkáníìkì á gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, gbígbọ̀n náà tún dé. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé ìpẹtà ti kóra jọ sójú họ́ọ̀bù tí dísìkì fara tì, tàbí pé nọ́ọ̀tì kan le ju èkejì lọ. Dísìkì tuntun tó gún régé á wá jókòó ní wíwọ́ díẹ̀, bóyá 0.1 mm péré. Ìyẹn kò ní gbọ̀n ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ bí ọkọ̀ ti ń sáré láìtẹ bíréèkì, ojú kan náà lára dísìkì ni yóò máa ha páàdì ní gbogbo ìyípo, díẹ̀díẹ̀ ni ojú ibẹ̀ yóò sì máa fẹ́lẹ́. Bí ibi tó nípọn bá ti fi nǹkan bíi 0.02 mm ju ibi tó fẹ́lẹ́ lọ, ìyẹn ohun tí kò tó ìbú irun orí, ọwọ́ awakọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Carroll Smith, ẹnjiníà ọkọ̀ ìdíje ní Amẹ́ríkà, tilẹ̀ jiyàn pé àròsọ ni ọ̀rọ̀ dísìkì tó tẹ̀, pé èérún páàdì tó lẹ̀ mọ́ dísìkì láìdọ́gba ló sábà máa ń fà á. Dísìkì tuntun wo ọkọ̀ sàn lóòótọ́, ó sì bo ohun tó ń ṣe é mọ́lẹ̀.

John Stuart Mill, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé rẹ̀ nípa lójíìkì tó jáde ní 1843, gbani nímọ̀ràn pé ẹni tó bá ń wá ìdí nǹkan, kó jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà, kó yí ẹyọ kan ṣoṣo padà. Nígbà tí a pààrọ̀ dísìkì, ohun tí a yí padà ju ẹyọ kan lọ: páàdì lè di tuntun, a lè ti nu ojú họ́ọ̀bù, a sì ti tún nọ́ọ̀tì fún. Èwo nínú wọn ló ṣiṣẹ́? Ìdánwò tó tọ́ wà, kò sì le. Ẹ fi irinṣẹ́ tó ń wọn ìdá mìlímítà wá ibi tí dísìkì ti yọ síta jù, ẹ sàmì síbẹ̀ lára dísìkì àti họ́ọ̀bù. Ẹ tú dísìkì, ẹ yí i sí ihò mìíràn, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ibi tó yọ náà bá bá dísìkì lọ, dísìkì ló jẹ̀bi. Bó bá dúró ti họ́ọ̀bù, a ti dá dísìkì láre. Ìníyelórí ìdánwò yìí ni pé ó lè dá ẹni tí a fura sí láre. Ìpààrọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè ní ọgbọ́n òyìnbó lèyí, kò bá ìrònú wa mu. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, bá àwọn oníṣègùn Èkìtì jíròrò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà kò gbà kí a pe ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ní ìmọ̀. Ìgbàgbọ́ ló jẹ́ títí a ó fi fojú ara wa rí i. Òṣùwọ̀n tó le ni. Bí a bá fi wọn ọ̀rọ̀ dísìkì, ojú rí i pé a pààrọ̀ rẹ̀, ojú sì rí i pé gbígbọ̀n dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò sí ojú tó rí i pé dísìkì ló fà á. Ìyẹn ṣì jẹ́ ìgbàgbọ́.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó máa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó lè gbà pé ìpẹtà ni, kó ṣì béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ òun, lọ́jọ́ tí òun kó ọmọ sínú rẹ̀? E. E. Evans-Pritchard, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, nínú ìwé tó kọ ní 1937 nípa àwọn Azande, ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ṣàlàyé pé wọ́n mọ̀ pé ikán ló jẹ òpó àká tó wó lu àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìdí tó fi wó nígbà tí àwọn yẹn wà níbẹ̀, àjẹ́ sì ni ìdáhùn wọn. Ìbéèrè gidi ni, irinṣẹ́ mẹkáníìkì kò sì lè dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gba ipò ìbéèrè àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tó fa àbùkù náà. Azande kò fi ti àjẹ́ sẹ́ ti ikán. Awakọ̀ tó ń bọ Ògún, tàbí tó ń tọrọ ààbò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kò ṣẹ̀ sí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bó bá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò. Ẹni tó bá fo ìbéèrè àkọ́kọ́ dá ló wà nínú ewu, nítorí kò sí ohun tí yóò dá a lẹ́kun mọ́, arúgbó tí kò ní alágbàwí ládùúgbò ni ẹ̀sùn àjẹ́ rẹ̀ sì máa ń já lé.

Àwọn kan á tún ní owó kò sí, irinṣẹ́ kò sí, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la kò lè dúró de ìdánwò. Mo gbà. Kò sí ẹni tó ní kí a má fi ìfura ṣiṣẹ́, pàápàá bí a bá kọ́kọ́ ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré: ká ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù kúrò, ká fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra bó ṣe yẹ. Ohun tí kò tọ́ ni kí a pe ìfura ní ìmọ̀. Mẹkáníìkì tó sọ fún oníbàárà pé “mo fura sí dísìkì” ṣì lè padà wo họ́ọ̀bù bí àìsàn bá tún dé. Èyí tó ní òun mọ̀ kò ní ibi tó lè padà sí, àfi kó ní ayédèrú ni dísìkì tí wọ́n tà, kó sì ba ẹni tó tà á lórúkọ jẹ́. Nítorí náà, ojúṣe ẹni tó bá ń wá ìdí nǹkan, ìbáà ṣe mẹkáníìkì, dókítà tàbí wòlíì, ni kó sọ fún wa bí ohun tó sọ ti dá a lójú tó, àti ohun tí yóò mú un gbà pé òun ṣìnà.